Bí Oiva Ṣe Ń Di Ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Báńdéèjì ni Kaisu kọ́kọ́ rí. Wọ́n sá a sórí okùn lẹ́yìn ilé, òtútù sì ti mú un gan bí pákó. Lẹ́yìn rẹ̀, èéfín ń rú láti orí òrùlé sáúnà, ilé kékeré tí wọ́n ti ń fi ooru wẹ̀, ó ń gòkè tààrà nítorí pé afẹ́fẹ́ kankan ò fẹ́. Kaisu pa ọkọ̀ síbẹ̀, kò tètè sọ̀ kalẹ̀. Lánàá, ọjọ́ Ẹtì, òun fúnra rẹ̀ ló fi báńdéèjì yẹn di ẹsẹ̀ Taimi Piiroinen, màmá arúgbó tó ń gbé ibẹ̀, ó sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má tú u títí di òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí nọ́ọ̀sì yóò padà wá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé e wá. Lẹ́yìn tó délé lánàá ni dókítà pè é láti ilé ìwòsàn ńlá tó wà nígboro. Ó ní àwọn ti wo àwòrán ẹsẹ̀ màmá náà, egbò yẹn ti wọ egungun. Ọkọ̀ máa wá gbé e lọ́jọ́ Ajé, àfàìmọ̀ kí wọ́n má gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún. Dókítà ní àwọn lè fi fóònù sọ fún ìdílé rẹ̀. Kaisu ní rárá o. Ẹni tó ti ń fọ egbò ẹlẹ́gbò láti ọdún tó kọjá, òun ló yẹ kó gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu ló fi sọ ọ́ nígbà yẹn. Ní báyìí tó ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ń wá ohun tó máa dá a dúró.

Nọ́ọ̀sì tó ń ti ilé dé ilé ni, káàkiri etí adágún Pielinen, níbi tó jẹ́ pé àwọn ọmọ ti lọ sígboro, tí ó sì ku àwọn arúgbó, igi àti yìnyín. Egbò adáàjinná pọ̀ lẹ́sẹ̀ wọn. Ẹ̀jẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ dáadáa, gígòkè padà ló ń ni ín lára. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń di báńdéèjì mọ́ ẹsẹ̀: á le nísàlẹ̀, lọ́rùn ẹsẹ̀, á sì máa dẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó bá ṣe ń lọ sókè, kó lè máa ti ẹ̀jẹ̀ náà padà sọ́nà àyà. Kò sí idán mìíràn níbẹ̀. Síbẹ̀, egbò Taimi ò jinná. Wọ́n pààrọ̀ ìpara, wọ́n pààrọ̀ ohun tí wọ́n ń fi bo ojú egbò, ńṣe ló ń fẹ̀ sí i.

Ohun tó sì ń ka Kaisu lára jù ni pé kò sí ilé tó rọrùn láti ṣiṣẹ́ bíi tàwọn Piiroinen. Taimi àti àbúrò rẹ̀, Oiva, ni wọ́n jọ ń gbé ilé baba wọn. Taimi ò lọ́kọ, Oiva ò láya. Nígbàkigbà tí nọ́ọ̀sì bá dé, wọ́n á ti tú báńdéèjì, wọ́n á ti fọ ẹsẹ̀, wọ́n á ti gbé e sórí àpótí tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sí. Kọfí á ti wà nínú ife, páì ìrẹsì á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú bọ́tà àti ẹyin lórí. Kí nọ́ọ̀sì ṣáà wẹ egbò, kó dì í, kó mu kọfí, kó máa lọ ni. Kaisu ti yìn wọ́n títí. Ó ti sọ fáwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ká ní gbogbo ilé rí báyìí ni, iṣẹ́ yìí ì bá dùn ún ṣe.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó gba ojú ọ̀nà tí wọ́n ti fi ṣọ́bìrì gbá yìnyín kúrò, ó kan ilẹ̀kùn yàrá kékeré tí wọ́n ti ń wọṣọ lẹ́nu sáúnà, ó sì wọlé.

Taimi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ró tówẹ́ẹ̀lì ńlá kan mọ́ra, irun rẹ̀ tutù, ojú rẹ̀ pọ́n. Oiva kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú báńdéèjì míì lọ́wọ́.

“Oiva, ọlọ́pàá dé,” ni Taimi wí. “Má wulẹ̀ sá. Ó ti rí wa.”

“Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tilẹ̀kùn,” ni Oiva wí, kò wẹ̀yìn. “Ooru ń jáde.”

Kaisu tilẹ̀kùn. Ó béèrè lọ́wọ́ Taimi ohun tí àwọn jọ sọ lánàá.

“Ìwọ lo sọ̀rọ̀, ọmọ mi. Èmi gbọ́ ni. Mi ò rántí pé mo ní mo gbà.” Màmá náà fi tówẹ́ẹ̀lì nu ọrùn. “Inú sáúnà yìí ni wọ́n bí mi sí. Ibẹ̀ náà la ti wẹ ìyá wa nígbà tó kú. Ṣé nítorí ẹsẹ̀ kan ni kí n wá fi ìwẹ̀ Àbámẹ́ta sílẹ̀? Ẹsẹ̀ kejì tí ò ṣẹ ẹnikẹ́ni ńkọ́?”

Kaisu fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Òun náà kì í jẹ́ kí Àbámẹ́ta kọjá láìwẹ̀, ó sì mọ̀ pé kò sí arúgbó kan létí adágún yẹn tí kì í tú báńdéèjì rẹ̀ kó tó wọ sáúnà. Kì í ṣe sáúnà lásán ló lè mú egbò wọ egungun. Ó jókòó sórí àpótí, ó mí kanlẹ̀, ó ní kóun bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó gbé òun wá. Ìgbà náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Oiva.

Abẹ́ orúnkún ni bàbá náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó yí báńdéèjì náà po níbẹ̀, ó fà á le, ó tún yí i, ó tún fà á, títí ara fi wọnú lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ń bọ̀ sísàlẹ̀. Bó ṣe ń sún mọ́ egbò lọ́wọ́ rẹ̀ ń fúyẹ́, nígbà tó sì dé ọrùn ẹsẹ̀, ńṣe ló kàn gbé aṣọ náà lé e, bí ìgbà téèyàn ń da aṣọ bo ọmọ tó sùn. Àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ Taimi wú, wọ́n dúdú díẹ̀. Oiva fi àtẹ́lẹwọ́ bò wọ́n kí wọ́n lè móoru.

Kaisu gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń béèrè, jẹ́ẹ́jẹ́, ẹni tó kọ́ bàbá náà ní irú ìdì bẹ́ẹ̀.

“Igbó ni,” ni Oiva wí. Inú rẹ̀ dùn pé wọ́n bi í. Nígbà èwe rẹ̀ tó ń gégi, aṣọ ni wọ́n ń dì mọ́ ẹsẹ̀ kí wọ́n tó wọ inú yìnyín. “Tí kò bá le lókè, yìnyín á wọlé, aṣọ náà á sì máa yọ̀ bọ́. Tẹ̀gbọ́n náà bẹ́ẹ̀ ni. Mo ń dì í le lókè kó má bàa bọ́. Nísàlẹ̀ mo ń dẹ̀ ẹ́ fún un, torí ibẹ̀ ló ń dùn ún. Ó dáa, àbí?”

Kaisu béèrè ìgbà tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Láti òtútù ọdún tó kọjá ni, Oiva wí. Ìdì àwọn nọ́ọ̀sì dára, kò sẹ́ni tó sọ pé kò dára, ṣùgbọ́n bílẹ̀ bá ti ṣú, ẹsẹ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹ̀gbọ́n òun, á máa sunkún, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹni tó ń sunkún. Òun á tú u, òun á sì dì í bóun ṣe mọ̀ ọ́n dì, á sì rí oorun sùn. Tó bá wá di ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì ń bọ̀, òun á tú tòun kúrò.

“A ò fẹ́ kẹ́ ẹ máa fi àsìkò yín tú nǹkan,” ó ní. “A mọ̀ pé ilé tẹ́ ẹ ń lọ pọ̀.”

Ọkàn Kaisu rẹ̀wẹ̀sì. Gbogbo ọdún kan yẹn, àwọn nọ́ọ̀sì ń dì í lówùúrọ̀, ìfẹ́ ń tú u lálẹ́. Ohun tó yẹ kó máa ti ẹ̀jẹ̀ sókè ló ń dí i lọ́nà lókè, tó ń sé e mọ́ orí egbò. Tí wọ́n bá sì dé, ẹ̀rí á ti wà nínú omi ìfọṣọ, ẹsẹ̀ á ti wà lórí aṣọ funfun. Òun ti dá ọjọ́ ogbó lẹ́bi, ó ti dá iyọ̀ inú ẹja lẹ́bi, ó ti fẹ̀sùn kan ìpara. Kò bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé, tí mo bá ti jáde, kí lẹ ń ṣe? Kọfí ló ń mu. Ojú tì í débi pé kò lè wo Taimi lójú. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Ó yẹ kó sọ ọ̀rọ̀ dókítà nígbà náà. Kò lè sọ ọ́. Ohun tó ṣe ni pé ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Oiva, ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀nà míì hàn yín.”

Ó tú èyí tí Oiva dì, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọmọ ìka. Ó yí i gba àtẹ́lẹsẹ̀, ó fi bo gìgísẹ̀, ó fà á dáadáa lọ́rùn ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń dẹwọ́ bó ṣe ń gòkè. Ó tú u, ó gbé e fún Oiva. Bàbá náà wò ó fẹ́ẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ agégi ni, ó tóbi, ó le, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti rí lẹ́ẹ̀kan, kò tún gbàgbé. Ibì kan ṣoṣo ló ti ṣì í ṣe, ó sì ti rí i kí Kaisu tó sọ. Nígbà tó parí, Kaisu fi ìka yẹ ọrùn ẹsẹ̀ wò, ó yẹ abẹ́ orúnkún wò. Òun fúnra rẹ̀ ò lè dì í jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Taimi na ẹsẹ̀ náà síwájú, ó ń wò ó. “Ó ń dùn mí,” ó ní, “ṣùgbọ́n ó dà bí ìgbà téèyàn dì mí mú ni. Tàtijọ́ yẹn ńṣe ló ń fún mi lọ́rùn.”

“Ẹ ò sì sọ,” ni Oiva wí.

“Ṣé kí n máa bú ọ ni? O ń gbìyànjú.”

Oiva rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí Kaisu, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi tọmọdé. “Ṣé bó ṣe rọrùn tó nìyí? Nígbà náà, tí yìnyín bá fi máa yọ́, egbò náà á ti jinná. Àbí?”

Kaisu ò rí ibi tó máa sá gbà mọ́. Ó sọ fún wọn. Ó sọ ti àwòrán, ó sọ ti egungun, ó sọ ti ọkọ̀ ọjọ́ Ajé àti abẹ́ orúnkún. Kò pẹ́ tó fi sọ ọ́ tán, nítorí irú ọ̀rọ̀ yẹn ò gùn.

Nílẹ̀ wọn, ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ìwà àìlọ́yàyà. Èèyàn lè jókòó ti ara wọn fún wákàtí kan kí wọ́n má sọ nǹkan kan, kí ọ̀rẹ́ wọn sì gún régé. Ṣùgbọ́n èyí tó dé bá wọn nínú yàrá kékeré náà yàtọ̀. Nínú sáúnà, òkúta gbígbóná ń ta pàrà lórí iná. Taimi fa tówẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sókè bo èjìká, ó béèrè bóyá wọn á jẹ́ kóun mú ìrọ̀rí tòun dání. Kaisu ní wọ́n á jẹ́ kó mú un.

“Nọ́ọ̀sì,” ni Oiva wí. Ó ṣì kúnlẹ̀. “Ṣé bí mo ṣe ń dì í ni?”

Kaisu lanu. Taimi ló kọ́kọ́ fèsì.

“Ọjọ́ orí ni, Oiva. Má da ara ẹ láàmú.”

Ó ń wo Kaisu láti òkè orí àbúrò rẹ̀. Òun ló tọ́ Oiva láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú, nígbà tí ọmọkùnrin náà ò tíì lè de okùn bàtà rẹ̀. Kò bẹ Kaisu, kò sì ṣẹ́jú sí i. Ó kàn ń wò ó ni.

“Ọjọ́ orí ni, Bàbá,” ni Kaisu wí.

Oiva mi orí pé òun gbọ́. Ó gbé ọwọ́ lé ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì náà, ó fi àtàǹpàkò tọ ọ́ láti ọrùn ẹsẹ̀ dé orúnkún. Lẹ́yìn náà ló yọ ìwọ̀ tó fi dá a dúró, ó tú gbogbo rẹ̀, ó ká báńdéèjì náà dáadáa lórí itan rẹ̀, ó sì nà án sí Kaisu.

“Ẹ tún fi hàn mí,” ó ní. “Láti ibi ọmọ ìka. Kí ọwọ́ mi lè mọ̀ ọ́n dáadáa kó tó di ọjọ́ Ajé.”

Taimi yíjú sí fèrèsé. Kaisu gba báńdéèjì náà. Ìgbà yẹn ló tó yé e pé kò sẹ́ni tó gba irọ́ yẹn gbọ́ nínú yàrá náà, pàápàá jù lọ ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ pa á. Ó tẹ̀ síwájú, ó fi etí báńdéèjì náà sẹ́yìn ọmọ ìka ẹsẹ̀ Taimi, Oiva sì bá a dì í mú níbẹ̀.