Iṣẹ́ Ẹni Méjì

"Ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, Ìyàwó Aago, kí omi má baà ta sí yín láṣọ."

Ìyá Lọ́ńdìrì ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ti ki apá méjèèjì bọ inú ẹ̀rọ ìfọṣọ kó tó sọ ọ́ tán. Ó wọ́ àwọn aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó tutù jáde, ó dà wọ́n sínú agbọ̀n, ó fi ìtan ti agbọ̀n náà lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ. Ọmọbìnrin tó dúró tì í tẹ aago ọwọ́ rẹ̀, ó kọ iye ìṣẹ́jú sílẹ̀. Ọjọ́ kejì rẹ̀ níbẹ̀ nìyí. Iléeṣẹ́ agbaninímọ̀ràn tó gbà á síṣẹ́ lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn ló rán an wá sílé ìwòsàn náà, kó wá wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, kí ọ̀gá rẹ̀ lè sọ fún àwọn aláṣẹ ibẹ̀ bí wọn yóò ṣe dín ìnáwó kù. Nítorí pé ojú rẹ̀ kì í kúrò lára aago, tí ẹnu rẹ̀ kì í sì í là, àwọn obìnrin méjì tó ń fọṣọ níbẹ̀ ti sọ ọ́ lórúkọ kí ọjọ́ àkọ́kọ́ tó tán.

"Ọkọ yín yìí mà le," Ìyá Jẹ́jẹ́, ẹnìkejì, wí láti orí àpótí tó jókòó lé. "Kì í tilẹ̀ jẹ́ kẹ́ ẹ jẹun."

"Ó máa ń jowú ni, mà," ọmọbìnrin náà fèsì kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu pé òun dáhùn.

Orúnkún tó ń dùn ún ló sọ Ìyá Jẹ́jẹ́ di Ìyá Jẹ́jẹ́. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tó ti ń dúró lórí sìmẹ́ńtì tútù, nínú omi ọṣẹ. Opó ni, iṣẹ́ yìí ló sì fi ń tọ́ ọmọ-ọmọ mẹ́ta. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é ni pé òun á jókòó ká aṣọ, Ìyá Lọ́ńdìrì á gbé èyí tó wúwo. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí aago ti dé, gbogbo ẹ̀ ni Ìyá Lọ́ńdìrì ń já gbà. Á sáré ti ìdí ẹ̀rọ wá sídìí tábìlì, á ká aṣọ, á tún sáré padà.

"Jẹ́ n ṣe tèmi," Ìyá Jẹ́jẹ́ wí lọ́jọ́ kẹta.

"Jókòó jàre. Tí wọ́n bá rí ọ níbi tó o ti ń fà bí ìgbín, kí ni wọ́n máa kọ? Òní ni wọ́n ń lọ. Ọjọ́ mẹ́ta kì í pa èèyàn."

Wọ́n rò pé ariwo ẹ̀rọ ti bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ọmọbìnrin náà gbọ́ ọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ó rí Ìyá Lọ́ńdìrì lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó ń mí bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ó yẹ kó sọ pé, mà, ẹ rọra, èyí tí mò ń kọ yìí ló máa lé ẹnìkan nínú yín. Ṣùgbọ́n nílé tí wọ́n ti tọ́ ọ, ọmọdé kì í dá sọ́rọ̀ àgbà tí wọn kò pè é sí. Ó yí padà, ó lọ.

Ohun tí kò lè fẹnu sọ ló kọ sábẹ́ àwọn nọ́ńbà rẹ̀: *Ìyá yìí ń ṣe iṣẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ mọ́ tirẹ̀ nítorí pé a wà níbẹ̀. Kò lè ṣe é lójoojúmọ́.*

Ọ̀gá rẹ̀ kà á. Kì í ṣe ẹni tó máa ń jágbe mọ́ èèyàn.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Mo gbọ́ ọ lẹ́nu wọn ni, sà."

"Aago ńkọ́, kí ló wí?"

"Ó ní ẹnìkan lè ṣe é, sà. Ṣùgbọ́n..."

"Aago kì í ní ṣùgbọ́n." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Gbọ́, àbúrò. Wọ́n ti fẹ́ yọ ẹnìkan níbẹ̀ kí wọ́n tó pè wá. Ẹni tó máa bá wọn fọwọ́ sí i ni wọ́n ń wá. Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Oṣù méjì ló sì kù kí n sọ bóyá a máa gbà ọ́ dúró."

Ó pa gbólóhùn náà rẹ́. Ọmọbìnrin náà wò ó títí ó fi pa á tán.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, wọ́n rán an padà lọ wo bí àtúnṣe náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìyá Lọ́ńdìrì nìkan ló bá. Aṣọ ìdọ̀tí kún orí tábìlì, ó ya dé ẹnu ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú pé orí fóòmù lásán ni àwọn aláìsàn òun sùn mọ́jú.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìyá Jẹ́jẹ́ ńkọ́?"

"Wọ́n ti ní kó máa lọ. Èyí àgbà nínú àwọn ọmọ-ọmọ ẹ̀ ò lọ sílé ìwé mọ́." Kò gbójú sókè. "Wọ́n fi ìwé hàn mí pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé mo lè dá a ṣe. Mi ò bínú sí yín. Ọwọ́ ara mi ni mo fi lé ọ̀rẹ́ mi lọ. Mò ń bò ó láṣìírí ni, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀?"

Ọmọbìnrin náà lè dákẹ́. Kò sí ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ju ìyẹn lọ.

"Mo mọ̀, mà."

Ọwọ́ Ìyá Lọ́ńdìrì dúró. "Ẹ mọ̀?"

"Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n pa á rẹ́."

Ìyá náà wò ó bí ẹni tó ń wo àbàwọ́n tí kò ní lọ mọ́. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọmọbìnrin náà ṣí fọ́ọ̀mù tí iléeṣẹ́ rẹ̀ fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Ìbéèrè kan ló wà níbẹ̀: *Ǹjẹ́ iṣẹ́ ń lọ déédéé?* Ó tẹ *Bẹ́ẹ̀ kọ́*. Ojú ewé mìíràn ṣí: *Kọ orúkọ òṣìṣẹ́ tó fà á.* Kò sí àyè láti kọ ohun mìíràn, fọ́ọ̀mù náà kò sì gbà kó fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ó gbójú sókè. Òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá náà, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí i.

Ó padà sẹ́yìn, ó tẹ *Bẹ́ẹ̀ ni*. Fọ́ọ̀mù náà gbà á, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.