Afárá Kọmáńdà

Kọmáńdà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, orúkọ yẹ̀yẹ́ sì ni, nítorí ọmọbìnrin náà kò tíì pàṣẹ kan tó fìdí múlẹ̀ rí. Òun ni olórí ikọ̀ nínú ẹgbẹ́ sìkáòtù, bàbá rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, sì ni ọ̀gá gbogbo ẹgbẹ́ náà. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Tí Kọmáńdà bá ní kí wọ́n pàgọ́ síhìn-ín, bàbá á ti gbé òpó lọ sọ́hùn-ún. Tó bá pín iṣẹ́, bàbá á tún un pín. Kì í ṣe ìkà o. Bó ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù náà nìyẹn: àwọn ọmọṣẹ́ á ránṣọ, òun á tú u, á tún un rán, á wá máa ráhùn pé àwọn ọmọ ìwòyí kò mọṣẹ́. Ta ni ì bá mọṣẹ́ lábẹ́ irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀?

Báàjì tó ga jù lọ nínú ẹgbẹ́ ló kù fún Kọmáńdà. Ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún kò lè gbà á mọ́, oṣù tó ń bọ̀ sì ni tirẹ̀ máa pé. Ìdánwò náà kò le: kó darí ikọ̀ rẹ̀ láti fi igi àti okùn ṣe afárá sórí kòtò ẹ̀yìn pápá, kí àgbàlagbà kankan má fọwọ́ kàn án. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó bẹ bàbá rẹ̀ títí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Bàbá ní kó fọkàn balẹ̀, òun á kàn jókòó wò wọ́n ni.

Ìyá àgbà kan tí kì í rẹ́rìn-ín ni olùdánwò. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Àwọn gìrìpá inú ikọ̀ ri òpó mọ́lẹ̀. Ọmọbìnrin tó kéré jù, tí wọ́n ń pè ní Pẹ̀lẹ́, ló ń di igi mọ́ òpó apá ọ̀tún, òpó náà sì tẹ̀ díẹ̀. Kọmáńdà rí i, ó dákẹ́. Kó tó mí, bàbá ti dìde, ó ti gba okùn lọ́wọ́ Pẹ̀lẹ́, ó tú gbogbo rẹ̀, ó sì tún un dì. Ó dára gan-an, ká sòótọ́.

Inú bí Kọmáńdà débi pé omi lé ròrò sí i lójú. Ìyá olùdánwò ti fi ìdérí bo bíírò tó fi ń kọ máàkì.

“Ta ni olórí níbí?”

“Èmi ni, mà.”

“Ẹnìkan ń ba iṣẹ́ rẹ jẹ́. Kí ni olórí máa ń ṣe fún irú ẹni bẹ́ẹ̀?”

Báwo ni ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ṣe máa lé bàbá tó bí i lójú gbogbo ayé? Bàbá alára ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó rò pé Pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń bá wí.

Kọmáńdà kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

“Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kúrò nínú pápá yìí.”

“Èmi kẹ̀?”

“Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ tú okùn yẹn kẹ́ ẹ tó máa lọ.”

Bàbá wò ó títí. Ó tú okùn náà, ó mú fìlà rẹ̀, ó sì lọ láìwẹ̀yìn. Pẹ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Òpó náà tún tẹ̀, ó tiẹ̀ wá tẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ara Kọmáńdà kò gbà á rárá, ṣùgbọ́n ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó fi ọ̀kan di èkejì mú bí ẹni di olè mú. Wọ́n gba orí afárá náà kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mì, ó dún, kò wó. Ìyá olùdánwò ló kọjá gbẹ̀yìn, ó sì fa báàjì yọ lápò.

Nígbà tí Kọmáńdà jáde, ó bá bàbá rẹ̀ lẹ́yìn ọgbà wáyà tó yí pápá ká, tó di wáyà náà mú. Kò lọ sílé, gbogbo rẹ̀ ló ṣojú rẹ̀. Ọmọ nawọ́ báàjì sí i. Bàbá kò kí i kú oríire.

“Òpó apá ọ̀tún yẹn tẹ̀,” ló sọ.

“Mo mọ̀, sà. Mo rí i. Mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”