Àwòrán Tó Pè Mí Lólè

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi, inú ṣì ń bí mi! Mo lálàá lóru àná pé àwòrán tí mo fi àkísà, ìdérí ìgò àti bọ́tìnì ṣe sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri, ó jókòó sórí àga mi. Ó ní, "Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́?" Mo ní èmi ni mo kọ́ ara mi. Ló bá bú sẹ́rìn-ín! Ó ń já bọ́tìnì ara rẹ̀, ó ń sọ ọ́ lù mí: "Olè! Olè!" Èmi tí mo fọwọ́ ara mi ṣe é!

Ìbínú ló jí mi. Ọmọbìnrin mi ti dúró tì mí, ó fọwọ́ di àyà aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ mú. "Mọ́mì, ẹ tún ti já bọ́tìnì aṣọ mi lẹ̀ mọ́ àwòrán!"

Àwòrán aláìmoore! Ó ti lọ fẹjọ́ mi sun ọmọ mi.