Ìbọn tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Danjuma

Wàláhì, bí irọ́ bá wà níbẹ̀, kí n má rí ìyàwó fẹ́ láyé! Mansur ọ̀rẹ́ mi, ìwọ Rokibat ìyàwó ẹ̀, ẹ sún mọ́ mi.

Ẹ mọ ilé kéú Àlùfáà Àbdùlgàfárù ní Gàmbàrí. Àwọn tó ń kẹ́wú níbẹ̀ ti ṣe wòlímọ̀ tipẹ́, irùngbọ̀n wọn ń gbálẹ̀. Kí ni wọ́n ṣì ń wá nínú ìwé? Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ń jẹ mí lọ́kàn. Àfi bí mo ṣe ru ìkòkò ńlá tí òyìnbó fi ń dáná lọ ogun Kamẹrúùn tí mo dé, ni wọ́n bá ránṣẹ́ pè mí.

Àṣé ogun ni wọ́n ń kọ́! Kìtábù kan ń bẹ níwájú Àlùfáà, ẹni mẹ́fà ló ń bá a ṣí ojú ewé. Wọ́n ń wádìí ohun tó tọ́ ká ṣe fún ọ̀tá tó fara gbọgbẹ́.

Ọ̀tá ọ̀hún gan-an sì wà lórí ẹní: Danjuma, sójà àwọn Jámánì, tó sá wọ̀lú. Ẹsẹ̀ ẹ̀ wú bí odó.

Àlùfáà ní, "Tó bá ti ju ìbọn nù kí wọ́n tó yìnbọn fún un, abẹ́ ààbò wa ló wà. Tó bá jẹ́ pé wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ni, Garba àgbà akẹ́kọ̀ọ́ ní ká fà á fún òyìnbó. Danjuma ní ọmọ Ìlọrin kan tó ru ìkòkò wà níbẹ̀, ó rí òun. Ṣé ìwọ ni?"

"Èmi ni! Èmi ni mo gba ìbọn ọ̀hún! Ọwọ́ òsì ni mo fi gbà á, ìkòkò ò mì lórí mi!"

Garba fò dìde. "Ẹ gbọ́? Ẹ jẹ́ á gbé e lọ."

Danjuma kàn ń wò mí.

Àlùfáà ní, "Àlàó, lọ ṣe àlùwàlá, kó o wá tún un sọ."

Mo fi omi yọ ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀rọ̀ yẹn ò gba ẹnu mi jáde mọ́.

"Àlùfáà, inú koríko ni mo ti rí ìbọn náà. Ó ti jù ú nù, ó nawọ́ méjèèjì sókè kí ọta tó bà á. Abẹ́ ìkòkò ni mo sá sí tí mo ti ń wò."

Irùngbọ̀n mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bú sẹ́rìn-ín. "Jagunjagun abẹ́ ìkòkò!" Garba ló sọ bẹ́ẹ̀. Òun náà ló lọ gbé omi gbígbóná wá, tó ń fọ ẹsẹ̀ Danjuma.

Mo ní, "Àlùfáà, ṣé ìwé ti parí nìyẹn?"

"A ò tíì dé ìdajì."

Ẹsẹ̀ ọ̀hún ńkọ́? Ọjọ́ kejì ló san. Danjuma fo odò Asà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo!

"Odò Asà, Àlàó?" Rokibat ní.

"Tòun ti Garba lẹ́yìn ẹ̀!"

"Mansur, jọ̀ọ́, ṣílẹ̀kùn fún un. Àlàó, máa lọ sílé yín!"