Ife Gíréèpù Àràárọ̀

Ẹsẹ̀ télọ̀ tún kọ̀ jálẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó tẹ̀ ẹ́ títí, itan ń ro ó, ló bá fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ láàbọ̀. Ó gbà pé ara ti dara àgbà nìyẹn. Ó tiẹ̀ ti ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń ránṣọ wá gbé ẹ̀rọ náà lọ pátápátá, ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì dùn ún wọ akínyẹmí ara.

Ìyàwó rẹ̀ kò gbà pé ọjọ́ orí ni. Látìgbà tí dókítà ti fún ọkọ rẹ̀ lóògùn tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, ló ti ń ká gíréèpù, èso tó jọ ọsàn ńlá, lórí igi ẹ̀yìnkùlé, tó ń fún un sínú ife láràárọ̀ kí ọkọ fi gbé oògùn mì. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń ro ọkọ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ife ń tóbi sí i. Ẹ ò rí nǹkan, nígbà tó yá, ó di jọ́ọ̀gì!

Nígbà tí oògùn tán, télọ̀ wọ́ ẹsẹ̀ lọ ra òmíràn. Obìnrin tó ń ta oògùn rí i bó ṣe ń ditan mú, ló bá bi í léèrè ohun tó ń jẹ àti ohun tó ń mu. Télọ̀ fi gíréèpù kádìí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ń fi ìyàwó yangàn.

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá, gíréèpù kì í jẹ́ kí oògùn yìí tètè kúrò lára. Ó ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ yín, ó jọ pé òun ló ń fa ìrora yẹn. Ẹ lọ rí dókítà yín lónìí."

Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní kó pa gíréèpù tì, ẹsẹ̀ yóò bọ̀ sípò. Inú télọ̀ dùn, àmọ́ bó ṣe ń súnmọ́ ilé ló ń ronú. Báwo ló ṣe fẹ́ sọ fún aya rẹ̀ pé ohun tó fi ń kẹ́ òun ni kò jẹ́ kóun gbádùn ẹsẹ̀? Ó pinnu pé òun á máa yọ́ omi gíréèpù náà dànù.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀yìnkùlé ni ìyàwó ká a mọ́ níbi tó ti ń dà á nù, jọ́ọ̀gì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé kò dùn mọ́ ni?"

Télọ̀ bá sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí àpótí, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Èmi ni mo ń ṣe yín bẹ́ẹ̀."

"Ìwọ kọ́. Àwa méjèèjì ni a ò mọ̀."

"Kí ni màá wá máa gbé fún yín láràárọ̀?"

"Omi," ni télọ̀ wí. "Ṣùgbọ́n ìwọ ni kó o máa gbé e wá o."

Ó wọlé, ó gbé omi wá sínú ife àtijọ́ náà, ó fọwọ́ méjèèjì gbé e lé ọkọ lọ́wọ́. Télọ̀ mu ún tán pátá. Lẹ́yìn náà, ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù pé kó má wulẹ̀ wá gbé ẹ̀rọ mọ́.