À Ń Wò Ó

Yàrá ìtọ́jú ilé ẹ̀kọ́ wa ni mo wà, àmọ́ kò ní ògiri. Bẹ́ẹ̀dì aláìsàn wà láàárín pápá bọ́ọ̀lù, kọ́bọ́ọ̀dù oògùn fẹ̀yìn ti òpó gólì, ewúrẹ́ mẹ́rin sì tò síwájú tábìlì mi, wọ́n fẹnu mú ìwé àṣẹ tí tíṣà fún wọn. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé wọ́n tò dáadáa. Àwọn ọmọ wa kì í tò bẹ́ẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ fàì, fàì, fàì. Àǹtí mi, Nọ́ọ̀sì Rẹ̀mílẹ́kún, ló ń gbọn tẹmómítà. Òun ló tọ́ mi dàgbà, òun náà ló jẹ́ nọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ yìí kó tó kàn mí. Ọdún kejì rèé tí a sin ín tòun ti aṣọ iṣẹ́ funfun rẹ̀ tó ní sítáàṣì, gẹ́gẹ́ bó ṣe pàṣẹ. Aṣọ náà ló wọ̀. Kò tíì rún.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, Àǹtí. Àárò yín sọ mí."

"Ya ẹnu," ló fi dá mi lóhùn. Ó ti tẹmómítà bọ abẹ́ ahọ́n mi, ó sì ṣí ìwé tí mo ń kọ orúkọ àwọn aláìsàn sí.

"Ìbídùn, pírámárì kẹrin. Etí méjèèjì ń ṣọyún. Ọ̀sẹ̀ kìíní: ìyá ọmọ ní àwọn ń wò ó. Ọ̀sẹ̀ kẹta: ìyá ọmọ ní àwọn ń wò ó. Ọ̀sẹ̀ keje..." Ó gbójú sókè. "Àrìnọlá, kí ni wọ́n fi ń wò ó? Oògùn ni, àbí ojú?"

Mo fẹ́ ṣàlàyé. Mo fẹ́ sọ pé ìyá ọmọ náà ni alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, pé òun ló fi fáànù ta yàrá ìtọ́jú wa lọ́rẹ, pé bí mo bá fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ọ́fíìsì wẹ́fíà ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn ọmọdé, tó wá jẹ́ pé ó ti gbé ọmọ lọ sọ́sìbítù, ibo ni mo fẹ́ fojú sí? Gbogbo rẹ̀ ń jáde ní "hùn-ún, hùn-ún." Ewúrẹ́ kan bú sẹ́rìn-ín.

"Má fọ́ ọ," ni Àǹtí wí. "Ẹyọ kan ló kù."

Ó yọ ọ́, ó wò ó síhìn-ín wò ó sọ́hùn-ún. "Ara rẹ ò gbóná. Ẹ̀rù ló ń bà ọ́." Ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó fi àtàǹpàkò nu iwájú orí mi, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré. "Ìwọ náà ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ méje. Kí lo fi ń wò ó?"

Ojú tì mí, ẹkún sì ń gbọ̀n mí. Ó gbọn tẹmómítà rẹ̀, fàì, fàì, fàì, ó kọjú sáwọn ewúrẹ́. "Ẹni tó kàn!"

Fáànù alága ló ń ṣe fàì lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi. Mo ti sùn lọ lórí ìwé náà lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ìbídùn fúnra rẹ̀ dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù, ó wá gba òwú tí yóò fi nu etí rẹ̀, ẹ̀yìn ló kọ sí mi.

"Ìbídùn!"

Kò dáhùn. Mo tún pè é, mo pariwo. Àwọn ọmọ tó wà níta dáhùn pé, "Mà!" Òun ò yíjú padà.

Mo pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

"Nọ́ọ̀sì wa dáadáa! Ṣé fáànù ń ṣiṣẹ́? Ẹ má dààmú nípa etí yẹn, à ń wò ó."

"Kí lẹ fi ń wò ó, mà? Ọ́sìbítù wo?"

"Ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó ná."

Mo fa fọ́ọ̀mù wẹ́fíà yọ lábẹ́ àwọn fáìlì. Níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tí nọ́ọ̀sì ti ṣe lórí ọ̀rọ̀ náà, mo kọ òótọ́: "Mo wò ó fún ọ̀sẹ̀ méje." Lẹ́yìn náà mo pa fáànù kí ìwé má bàa fò, mo sì fọwọ́ sí i.