Táyà Iwájú, Táyà Ẹ̀yìn

Táyà kẹta já gbà mọ́ bàbá kan lọ́wọ́, ó sì ń yí lọ. Ó yí gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wọlé, ó fò kọjá lórí rọ́bà tí wọ́n fi ń fẹ́ atẹ́gùn, ó kọlu ẹsẹ̀ àga onítáyà, ó sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí ajá tó délé.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá," ni onítáyà wí, kò tilẹ̀ dìde. "Ìránṣẹ́ yín ti ṣáájú yín dé."

Atẹ́gùn ni gbogbo èèyàn ń pe onítáyà yìí, nítorí pé atẹ́gùn ló ń tà, ẹnu rẹ̀ náà kì í sì í sinmi fífẹ́. Bàbá yìí ní tirẹ̀, Má-sáré ni àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́. Ohun tó kọ sẹ́yìn lọ́rì rẹ̀ nìyẹn, ohun tó sì fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe nìyẹn. Ó fi lọ́rì kó sìmẹ́ǹtì, ó fi kó igi gẹdú, ó fi kó ẹyin adìyẹ pàápàá, ẹyin ò fọ́. Ìgbà tí ojú rẹ̀ ò ríran lóru mọ́ ló tó gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀.

Òní gan-an ni ọmọbìnrin rẹ̀, àbíkẹ́yìn rẹ̀, fẹ́ wa ọkọ̀ eré ìje lójú ọ̀gá eré, olórí ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ọkọ̀ díje. Ọkọ̀ pupa kékeré kan ni, ó rẹlẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń wá a. Àwókù ni nígbà tí ọmọ náà rà á. Òun fúnra rẹ̀ ló tún un ṣe, ẹ́ńjìnnì lọ́tọ̀, bíréèkì lọ́tọ̀. Ọ̀gá eré ń wá ẹnì kan ṣoṣo kún àwọn awakọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá lè sáré tí ọwọ́ rẹ̀ sì balẹ̀ ni yóò mú. Bí òní bá kọjá, ó di ìgbà mìíràn, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tí ìgbà mìíràn ń bọ̀.

Ìdí nìyẹn tí bàbá fi lọ ra táyà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ táyà iwájú ọkọ̀ náà lọ́jọ́ kan tí ọmọ ò sí nílé, ó há nọ́ńbà rẹ̀ sórí bí ọmọdé ṣe ń há orin sórí, ó sì lọ kà á fún àwọn tó ń ta táyà tuntun. Ó fi ọṣẹ wẹ àwọn táyà náà. Ó fi ìpara dúdú pa wọ́n títí wọ́n fi ń dán. Mẹ́rin ni, kò sí èyí tó yàtọ̀ nínú wọn.

"Ìbejì lọ́nà méjì," ló wí fún Atẹ́gùn bó ṣe ń yí ẹ̀kẹrin wọlé. "Lọ́rì kì í ní táyà àyànfẹ́. Èyí tó bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́ lo máa gbé síbi tó bá ṣófo. Bí ọ̀kan bá bẹ́ láàárín igbó, ta ló fẹ́ máa wádìí ìran ẹ̀?"

Atẹ́gùn tẹjú mọ́ ara táyà. Ó la ẹnu, ó sì pa á dé. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ì bá ti fura.

Ọmọ náà jáde wá láti abẹ́ ọkọ̀. Epo ti ta sí i léjìká, ó sì fi okùn di irun rẹ̀ sẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀. Kò tíì dìde nílẹ̀ tó fi fa táyà kan mọ́ra, tó ń fi ìka tọ nọ́ńbà ara rẹ̀ lọ bí ẹni ń tọ ipa èèrùn. Ó tọ̀ ọ́ dé ìparí. Ìka rẹ̀ dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Bàámi. Ẹ ṣeun gan-an ni, sà."

"Ṣé nọ́ńbà ẹ̀ nìyẹn?"

"Nọ́ńbà ti iwájú nìyẹn, sà."

Bàbá gbọ́ "ti iwájú" yẹn, àmọ́ ayọ̀ ò jẹ́ kó wọ̀ ọ́ létí dénú. Ó gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ síbi ẹ̀rọ omi, ó fẹ́ ṣan ìpara dúdú kúrò lọ́wọ́. Fèrèsé wà lókè ẹ̀rọ omi náà, ó ṣí sílẹ̀.

"Ẹlẹ́ṣin-Irin, o ò sọ fún Bàbá." Ohùn Atẹ́gùn nìyẹn, orúkọ tó fi ń pe ọmọ náà nìyẹn. "Tẹ̀yìn gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju tiwájú lọ. Lẹ́tà T ló sì wà lára ìwọ̀nyí. W la jọ sọ."

"Mo mọ̀."

"T ò fara da eré tó tó igba kìlómítà ní wákàtí. Ọkọ̀ tìẹ yìí á ti kọjá igba kó tó dé ìdajì ojú ọ̀nà yẹn."

"Mi ò ní jẹ́ kó kọjá. Màá rọra wà á."

"Ṣé torí kó o lè rọra wà á ni ọ̀gá eré ṣe pè ọ́?"

"Bùrọ̀dá Atẹ́gùn, ẹ rí bí Bàámi ṣe wẹ̀ wọ́n. Ẹ bá mi fi wọ́n sí i. Àwọn tí mo ti yàn tẹ́lẹ̀ yẹn, ẹ fi aṣọ bò wọ́n, kí Bàámi má rí wọn."

Bàbá dúró, omi ń ṣàn lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn, ẹ má dá a lẹ́bi, ìdùnnú ni. Táyà òun yóò so ọmọ mọ́lẹ̀. Yóò rọra lọ, yóò rọra bọ̀, ọ̀gá eré yóò mú ẹlòmíràn, òun yóò sì máa sun oorun òun ní ọjọ́ ogbó. Kò sí iṣẹ́ kankan tí òun ní í ṣe ju kí òun dákẹ́ lọ. Àwọn àgbà kúkú ti wí pé àìmẹ́nu, àìmétè ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ṣùgbọ́n awakọ̀ ni bàbá, ó mọ ẹsẹ̀. Ẹnu lè búra láàárọ̀ pé òun ò ní sáré. Bí ọ̀nà bá là gbalaja níwájú, ẹsẹ̀ ò mọ ẹni tó búra. Ó sì rántí onígẹdú kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, tó bẹ̀ ẹ́ títí pé kó gbé igi kan lé ẹrù sí i, torí ọ̀rẹ́. Ó kọ̀ fún un. Ó ní táyà mọ ìwọ̀n ohun tó lè gbé, kò mọ ẹni tí a jọ ń jẹun. Onígẹdú bínú fún ìgbà pípẹ́. Ta wá ni òun tí òun fẹ́ gbé ìfẹ́ òun lé orí táyà báyìí?

Omi ti wọ inú bàtà rẹ̀ kó tó ti ẹ̀rọ náà pa.

"Atẹ́gùn," ló wí bó ṣe wọlé, "ká aṣọ yẹn kúrò."

"Aṣọ wo, Bàbá?"

"Èyí tí o ń dínà ẹ̀ kí n má baà rí i."

Atẹ́gùn wo ọmọ náà. Ọmọ náà wo ilẹ̀. Atẹ́gùn ká aṣọ náà.

Táyà mẹ́rin ló wà níbẹ̀, méjì tẹ́ẹ́rẹ́, méjì fẹ̀ bọ̀kẹ̀tẹ̀. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, orúnkún rẹ̀ ké, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa wọ́n lára lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Ẹ̀gbẹ́ wọn kúrú, ara wọn rọ̀, ó sì le lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọwọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́.

"Kí ló dé tí wọn ò dọ́gba?"

"Tiwájú ló ń yà, Bàámi, tẹ̀yìn ló ń ti ọkọ̀. Èyí tó ń tì ni ẹsẹ̀ ẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀, kó má baà yọ̀."

"Bí ìgbà tí èèyàn méjì bá ń gbé kọ́bọ́ọ̀dù gun òkè. Ẹni ẹ̀yìn ló ń jìyà."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, sà."

"Ẹ̀gbẹ́ tó kúrú yìí ńkọ́?"

"Kó má baà máa mì jọ̀jọ̀ bí mo bá yà á."

"Lẹ́tà yìí?"

"Eré tó lè fara dà nìyẹn. Bí mo bá kọjá ẹ̀, ooru á wọ̀ ọ́ nínú, awọ á sì ṣí lára ẹ̀."

Bàbá mọ awọ tó ń ṣí. Ó ti rí i lójú títì lọ́pọ̀ ìgbà, ó nà gbọọrọ bí awọ tí ejò bọ́ sílẹ̀, bàbá sì máa ń wo inú igbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bóyá òun á rí ọkọ̀ tó ni ín. Ó gbójú sókè wo ọmọ rẹ̀. Ìbú táyà, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹrù tó lè rù, eré tó lè sá, títí kan ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é: gbogbo rẹ̀ ló ti yẹ̀ wò kó tó mú un. Ọmọ tí òun máa ń gbé jókòó lórí tánkì epo nígbà tí kò tíì lè pe táyà dáadáa.

"O yan táyà bí ẹni ń yan àna," ló wí. "O ò yan ọkọ tó o fẹ́ báyìí."

"Wọn kì í kọ lẹ́tà sára ọkọ, Bàámi."

Atẹ́gùn rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú.

"Tèmi wọ̀nyí ńkọ́?" Bàbá rọra bi í, kò wojú ẹnikẹ́ni.

"Ara ọkọ̀ tí mo fi ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé ni wọ́n ń lọ. Ìwọ̀n ẹ̀ ni, lẹ́tà ẹ̀ sì ni. Mi ò gbé ẹrù tó wúwo tó àwọn ọmọ yẹn rí, sà."

Bàbá wo òkè. Ó ní ó dà bí ẹni pé òrùlé Atẹ́gùn ń jò. Òjò ò sì rọ̀.

Wọ́n de táyà, wọ́n ń fẹ́ ẹ. Bàbá mú irin kan, ó fi lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì tẹ́tí. "Kò dún. Fẹ́ ẹ sí i."

"Bàbá, géèjì tí mo fi ń wọn atẹ́gùn ti kà á dé méjìlélọ́gbọ̀n. Ohun tí ọkọ̀ yìí ń jẹ nìyẹn."

"Ebi ṣì ń pa á. Táyà líle ni táyà."

Atẹ́gùn fẹ́ dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ọmọ náà gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ fẹ́ ẹ dé ogójì, Bùrọ̀dá Atẹ́gùn. Mo ṣì máa rọra yí po ná. Táyà á fẹnu ara ẹ̀ sọ fún wa."

Pápá tí ọkọ̀ òfúrufú ò bà sí mọ́ ni wọ́n ti ń sáré. Kóńkéré rẹ̀ fẹ̀, koríko ti hù sí etí rẹ̀, wọ́n sì to àgbá sí àwọn ibi tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ti yà. Ọ̀gá eré dúró lókèèrè pẹ̀lú aago lọ́wọ́, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ọmọ náà wa ọkọ̀ yí pápá po díẹ̀, kò sáré, ó sì padà wá síwájú bàbá rẹ̀. Kò sọ̀ kalẹ̀.

"Bàámi, ẹ bá mi fọwọ́ wò ó. Bí ẹ ṣe máa ń ṣe fún lọ́rì."

Kò sẹ́ni tó tún ní láti kọ́ bàbá ní ìyẹn. Ibikíbi tó bá ti dúró sinmi lójú ọ̀nà, kí ó tó mu omi, yóò ti yí lọ́rì po, yóò fọwọ́ ba táyà kọ̀ọ̀kan bí ìyá ṣe ń fọwọ́ kan ọrùn ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé etí inú, ó sún un dé àárín, ó sún un dé etí òde. Ó padà, ó tún un ṣe.

"Àárín gbóná janjan," ló wí. "Etí méjèèjì kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló yé e. Ikùn nìkan ni táyà náà fi ń rìn. Èyí tó fẹ̀ tó báyẹn, tí ọmọ fara balẹ̀ yàn torí kó lè fẹ̀, òun ti fẹ́ ẹ títí ó fi wú róbótó, tí etí rẹ̀ ò kan ilẹ̀ mọ́. Atẹ́gùn ń wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Tú u," ni bàbá wí.

Atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú géèjì, atẹ́gùn ń jáde fìì. Ọkọ̀ lọ, ọkọ̀ bọ̀. Bàbá fọwọ́ wò ó. Tiwájú ti dáa.

"Tẹ̀yìn ṣì fẹ́ kó o dín in kù díẹ̀."

"Díẹ̀ bíi ti báwo, Bàbá?"

"Bí òfófó tí o bá fẹ́ ṣe tí o wá gbé mì."

"Ìyẹn pọ̀ lọ́dọ̀ mi o," ni Atẹ́gùn wí, ó sì tú u.

Ọkọ̀ tún lọ, ó tún bọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, bàbá pẹ́ níbi táyà kọ̀ọ̀kan. Ooru náà tẹ́ lọ láti etí dé etí bí omi inú àwo. Ó ti fọwọ́ kan táyà tó pọ̀ láyé, kò sì rántí ọ̀kan tó dọ́gba tó báyìí. Ó dìde, ó gbọn ọwọ́ méjèèjì.

"Ó dọ́gba."

Ọmọ náà mi orí, ó dé akoto rẹ̀. Ọ̀gá eré gbé ọwọ́ sókè, ó sì sọ ọ́ sílẹ̀.

Ọkọ̀ náà lọ bí ìgbà tí wọ́n fa aṣọ tuntun ya. Ó kọjá tán kí ariwo rẹ̀ tó dé. Níbi àgbá àkọ́kọ́, tiwájú di ilẹ̀ mú, tẹ̀yìn tì í, ọkọ̀ sì yà bí ọ̀bẹ inú búrẹ́dì, kò yọ̀, kò fò, kò ké. Àgbá kejì bẹ́ẹ̀. Àgbá kẹta bẹ́ẹ̀. Ètè bàbá ń mì.

"Kí lẹ ń sọ, Bàbá?" Atẹ́gùn bi í.

"Mo ní kó rọra."

Ọkọ̀ já kọjá níwájú wọn. Ọ̀gá eré wo aago rẹ̀, ó tún un wò, ó sì yíjú sí ẹni tó dúró tì í. "Ẹ má wulẹ̀ pe àwọn tó kù mọ́," ló wí. "Mo ti rí i."

Kò sẹ́ni tó tíì ráyè sọ fún ọmọ náà. Ó tún ń yí po lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ti kọjá àgbá tó kẹ́yìn, ọ̀nà sì là gbalaja níwájú rẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi kóńkéré àti sánmà. Nígbà náà ni bàbá gbọ́ ohun tí ètè òun ń wí ní tòótọ́.

"Tẹ̀ ẹ́," ló ń wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "Tẹ̀ ẹ́, ìyá mi. Tẹ̀ ẹ́."

Ẹsẹ̀ ọ̀tún bàbá sì ti tẹ koríko mọ́lẹ̀ ṣinṣin bí ẹni ń tẹ ọkọ̀ kó sáré, kò gbé e.